Owó Hítà Tí Ọkọ Mi Kò Fẹ́ San

Ní ọdún tí ìyá ọkọ mi wá sí Houston, owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tó ń bá ọkọ mi ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ epo ni wọ́n sì ti ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ẹnjiníà ni ọkọ mi. Wọn kò tíì lé e, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé owó oṣù rẹ̀, ó sì ti di ẹni tó ń pa iná yàrá nígbà tí èèyàn ṣì jókòó sínú rẹ̀. Kò tíì pẹ́ tí a ra ilé sí Richmond, lẹ́bàá Houston, ilé bíríkì oníyàrá mẹ́ta tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti lò gbó kó tó tà á fún wa.

Ẹni tí kò gbé ibẹ̀ rí á rò pé ooru nìkan ló wà ní Houston. Ooru ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí òtútù bá wọlé láti àríwá, ẹ lè wọ aṣọ péńpé jáde láàárọ̀, kí ẹ tó jẹun alẹ́ tán, kí eyín yín ti máa gbá ara wọn. Ilé tí kò ní hítà kò ṣeé gbé. Hítà tiwa wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá àlejò. Gáàsì ló ń lò. Ó ga tó èèyàn, ó ti dípẹtà nísàlẹ̀, bí iná bá sì ràn nínú rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ bíi pé ẹnì kan gbá ilẹ̀kùn ní ilé kejì. Láti inú rẹ̀ ni atẹ́gùn gbígbóná ti ń gba inú páìpù òkè àjà lọ sí gbogbo yàrá.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìyá rẹ̀ dé, ọkọ mi pe ẹnì kan pé kó wá wo hítà náà. Èmi kò sí nílé. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà; mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóúnjẹ, mò ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ara wọn má baà bó. Nígbà tí mo dé, ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín.

"Olè kan wá síbí lónìí," ó ní. "Ó wo inú hítà, ó ní ká ra tuntun. Ó dárúkọ owó tó ju owó ilé oṣù méjì lọ. Mo bi í bóyá ilé ló fẹ́ bá mi tún kọ́."

"Kí ló ní ó ṣe hítà, Dádì?"

"Kí ni wọ́n máa ń sọ? Wọ́n á rí dúdú lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á gbọ́ bó ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á ní gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́."

N kò bá a jiyàn, nítorí irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Dókítà kan, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa, tó ń gbé Sugar Land, ti kó sí irú rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Ẹnì kan sọ fún un pé irin inú hítà rẹ̀ ti sán, pé yóò pa á bó bá tún tàn án. Ó pe ẹlòmíràn, onítọ̀hún wò ó títí, kò rí ojú sísán kankan. Gbogbo ibi tí àwọn ọkùnrin wa bá jókòó sí ni wọ́n ti ń sọ ìtàn yẹn. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé ẹni kejì tí dókítà pè mọṣẹ́, ó sì gba owó tó jọjú kó tó tú hítà náà palẹ̀ wò. Ọkọ mi náà pe ẹni kejì, ṣùgbọ́n ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ló wá rí, ọkùnrin kan tó lẹ nọ́ńbà tẹlifóònù rẹ̀ mọ́ ara ògiri níbi tí a ti ń ra epo ọkọ̀. Onítọ̀hún gbọn eruku inú hítà nù, ó pààrọ̀ irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í jẹ́ kí iná kékeré inú rẹ̀ kú, ó gba owó tí kò tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan, ó lọ. Iná ràn. Ọkọ mi dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù, ó fọwọ́ sí ìbàdí, ó ń wo hítà bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Màmá dé láti Abẹ́òkúta. Tíṣà ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì ṣì máa ń bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó di pàṣán mú. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ kí wọn ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n wo orí mi kọjá, wọ́n wo ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún.

"Ẹyọ kan yìí náà ṣì ni?" wọ́n ní.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó gbé báàgì wọn.

Òtútù kò bá Màmá lára mu rárá. Ní àárọ̀, ọkọ mi á lọ síbi iṣẹ́, èmi á já ọmọ sí daycare, ibi tí wọ́n ti ń bá èèyàn tọ́jú ọmọ, n óò gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ tèmi. Bí a bá ti jáde tán, Màmá á yí hítà sókè dé ibi tó lè gbóná dé, wọ́n á ká ìró wọn, wọ́n á fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn àti ojú fèrèsé. Wọ́n á jókòó sínú ooru náà títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ọkọ mi bá dé, á yí i wálẹ̀, á ní owó gáàsì ń pọ̀. Bí a bá fẹ́ sùn, á pa á pátápátá, kálukú á fi kúbùsù bora. Ẹni tó ń ka èyí ti mọ ohun tó ń bọ̀. Àwa kò mọ̀ ọ́n.

Kò pẹ́ tí àìsàn fi mú wọn. Orí ń fọ́ wọn, ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n, bí wọ́n bá jẹun ọ̀sán tán wọ́n á bì í. Ọkọ mi ní ó lè jẹ́ nítorí ìrìn àjò. Dókítà Sugar Land wọn ìfúnpá wọn, ó ní ara arúgbó tí òtútù mú ni, kí wọ́n máa mu omi. Nígbà tí kò dín kù, ọkọ mi gbé wọn lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń gbé apátímẹ́ǹtì ní Stafford. Iná mànàmáná ló ń mú ibẹ̀ gbóná. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ara Màmá ti le koko. Wọ́n padà sọ́dọ̀ wa, àìsàn náà padà.

Orí máa ń fọ́ èmi náà ní ọjọ́ tí n kò bá lọ síbi iṣẹ́. Ẹnu Màmá ni mo rò pé ó ń fọ́ mi lórí.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ sí Stafford lẹ́ẹ̀kejì, tí wọ́n sì tún padà dé, Màmá pè wá jókòó ní pálọ̀. Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò.

"Lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin, mo jẹ ẹ̀bà, mo jẹ ìrẹsì, mo jẹ ẹran, n kò bì. Ọjọ́ tí mo padà síbí, mo jẹ ìrẹsì obìnrin yìí, mo bì í. Mo tún lọ, ara mi yá. Mo tún bọ̀, ó tún dé. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé ní Amẹ́ríkà, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Kí ló kù?"

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà burú ni pé kò sí àṣìṣe nínú ìṣirò wọn. Èmi fúnra mi jókòó níbẹ̀, mò ń wá ibi tí wọ́n ti ṣì í, n kò rí i.

Ọkọ mi yíjú sí mi. "Kí lo fi sínú ọbẹ̀?"

"Tòmátì, ata, àlùbọ́sà, adìẹ."

"N kò bi ọ́ ní ohun tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ Màmá wò. Ọkọ mi á gbé àwo náà síwájú mi, á jókòó, á ní, "Jẹ ẹ́." N óò jẹ ṣíbí mẹ́ta, mẹ́rin, òun àti ìyá rẹ̀ á máa wo ọ̀nà ọ̀fun mi bóyá ó ń gbé e mì lóòótọ́. Ọmọ wa bi wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ló dé tí mọ́mì ń jẹ oúnjẹ Grandma.

"Kó lè mọ bó ṣe dùn tó," Màmá dáhùn, wọ́n sì fi ọwọ́ pa á lórí.

Mo jẹ oúnjẹ náà, nǹkan kan kò ṣe mí. Wọ́n ní mo ti mọ oògùn tí mo fi ń pa májèlé náà kú nínú ara tèmi. Wọ́n wá ní kí n má dáná mọ́. Àbúrò ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ wá láti Stafford nínú kúlà, Màmá jẹ oúnjẹ ọmọ wọn, wọ́n sì bì í. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á parí sí. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, mò ń retí kí ọkọ mi wò mí, kó sọ pé kì í ṣe ìwọ nìyẹn. Ó wò mí lóòótọ́.

"Ta ló dé ìdí kúlà náà lẹ́yìn tí a gbé e sílẹ̀?" ó ní.

Màmá ń fi kọ́ọ̀pù wọn pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Wọ́n ní kí n má wọ yàrá àwọn mọ́, àyàfi bí wọ́n bá bì sílẹ̀. Èmi ni mò ń nu èébì náà. Bí mo bá kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìnulẹ̀, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á ká ẹsẹ̀ wọn sókè kí ara mi má baà kàn wọ́n.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ìyàwó pásítọ̀ wa àti obìnrin méjì nínú ìjọ wá gbàdúrà. Ọkọ mi ló pè wọ́n, ó sì jáde lọ fọ ọkọ̀ rẹ̀. Nítorí àlejò, Màmá ti yí hítà sókè. Àwọn obìnrin náà ní kí n kúnlẹ̀ sí àárín pálọ̀.

"Arábìnrin," ìyàwó pásítọ̀ ní, "Ọlọ́run ń dárí ji ẹni tó bá jẹ́wọ́."

"Ẹ̀yin Mọ́mì, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́."

"Bí ẹni tó fi nǹkan pamọ́ ṣe máa ń sọ náà nìyẹn," Màmá sọ láti orí àga wọn.

Wọ́n gbàdúrà yí mi ká. Ọwọ́ ẹnì kan wà ní orí mi, ó ń tẹ̀ mí mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni tó ń fún ìyá arúgbó ní májèlé jẹ nínú èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kí inú tó fi rò ó wú, kí ó máà fojú rí ọmọ kejì. Èmi náà ní láti ṣe àmín. Bí n kò bá ṣe é, wọ́n á béèrè ìdí. Mo ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àdúrà náà ti ń lọ ni ohùn wọn ń rẹlẹ̀. Ẹnì kan jókòó, ó di orí rẹ̀ mú. Ẹnì kejì ní òun fẹ́ gba atẹ́gùn, ó jáde. Ìyàwó pásítọ̀ nu òógùn ojú rẹ̀, ó wò yíká ilé, ó wá wo èmi.

"Nǹkan kan wà nínú ilé yìí," ó ní. "Ó wúwo."

Wọ́n parí rẹ̀ ní kíákíá. Nígbà tí wọ́n dé ìta, tí ojú wọn tún mọ́, èyí náà di ẹ̀rí: wọ́n ní bí àwọn ṣe kúrò lọ́dọ̀ mi ni nǹkan náà fi àwọn sílẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, kò sí ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí mo jókòó sí.

Òtútù kan wá dé lẹ́yìn ìyẹn tí a kò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí a ti wà níbẹ̀. Páìpù omi ń bẹ́ ní ilé àwọn aládùúgbò, yìnyín sì bo àwọn òpópónà ńlá tí wọ́n ń pè ní fíríwéè. Ọmọ mi ń wúkọ́. Daycare ní ká má gbé e wá. Mo ní n óò dúró tì í nílé.

"Kí wọ́n gé owó tìrẹ náà?" ọkọ mi ní. "Mọ́mì wà nílé. Wọ́n tọ́ ọmọ márùn-ún."

"Dádì, ara Mọ́mì kò yá."

"Ara wọn á yá bí o bá lọ síbi iṣẹ́."

Mo lọ. Nígbà tí mo dé ní ọ̀sán, tí mo ṣílẹ̀kùn, ooru inú ilé gbá mi lójú bíi ti ẹnu ààrò. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀. Ọmọ mi sùn sórí àga gígùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí wọ́n fi nǹkan kùn. Mo pè é. Mo gbọ̀n ọ́n. Ojú rẹ̀ ṣí díẹ̀, funfun rẹ̀ nìkan ni mo rí, ó sì tún padé. Mo gbé e sáré lọ sínú ọkọ̀. Àti gbé e lọ sí ọsibítù nìkan ló wà lọ́kàn mi. Nígbà tí mo padà wọlé wá Màmá, mo bá wọn ní ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù hítà, wọ́n ti tọ̀ sára. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá wọn méjèèjì bí wọ́n ṣe kọ́ wa níbi iṣẹ́, mo wọ́ wọn lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ní àárín pálọ̀ wọ́n lajú, wọ́n rí ẹni tó gbé wọn.

"Má fọwọ́ kàn mí," wọ́n ní.

Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló já geere nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Mo wọ́ wọn jáde.

Bàbá òyìnbó tó ń gbé òdìkejì títì rí wa lórí koríko, ó pe áńbúláǹsì. Àwọn tó bá ọkọ̀ náà wá wo ojú ọmọ, wọ́n wo ojú Màmá, ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá gáàsì ló ń mú ilé wa gbóná. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó sáré wọlé, ó ṣí gbogbo fèrèsé, ó jáde, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ní ọsibítù, wọ́n fi ọ́síjìn bo àwọn méjèèjì lẹ́nu. Dókítà ibẹ̀ sọ fún mi pé èéfín gáàsì ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, irú èyí tí kò ní àwọ̀, tí imú kì í gbọ́, pé ó máa ń fa orí fífọ́ àti èébì, àti pé ẹni tó bá ń mí in sínú á yá bó bá ti kúrò níbẹ̀. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ọmọ mi jí kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ní òun fẹ́ mu omi ọsàn. Màmá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó bọ̀ sípò. Ọwọ́ wọn ọ̀tún ń gbọ̀n láti ìgbà náà lọ, wọ́n sì máa ń gbàgbé bóyá wọ́n ti jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ọkọ mi padà sílé láti pàdé ọkùnrin tí iléeṣẹ́ gáàsì rán wá. Ó ti ti gáàsì náà pa, ó so páálí pupa kan mọ́ ọn pé a kò gbọdọ̀ tàn án. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú hítà, ó ki dígí kékeré kan bọ̀ ọ́, ó ní ká bẹ̀rẹ̀ wá wò. Àpótí irin kan wà nínú rẹ̀ tí iná ń jó nínú rẹ̀. Èéfín iná náà yẹ kó gba páìpù jáde sí òkè ilé. Irin àpótí náà ti sán ní ẹ̀gbẹ́, ó gùn tó ìka ọwọ́, ibẹ̀ ni èéfín ń gbà bọ́ sínú atẹ́gùn tí à ń mí. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó wá sọ ọ́ jáde ní Yorùbá, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀:

"Ibẹ̀ náà ni ẹni àkọ́kọ́ yẹn fi hàn mí."

"Ta ló fi ibẹ̀ hàn yín, Dádì?"

Ó tún bẹ̀rẹ̀ wo inú hítà.

"Ẹni tí ẹ pè lólè? Ó fi ojú sísán yìí hàn yín?"

"Ó ní ká má tàn án mọ́. Mo rò pé irọ́ ni. Gbogbo wọn ló ń parọ́ yẹn."

"Ìwọ rí i," mo ní. "Ìwọ fi ojú ara rẹ rí i."

Láti ọjọ́ tí a ti ṣègbéyàwó, n kò pe ọkọ mi ní 'ìwọ' rí. Òun náà gbọ́ ọ. Ó gbé ojú sókè sí mi bíi pé ọ̀rọ̀ yẹn ló burú jù lára ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà.

Àwọn èèyàn wa tó ń ra ilé máa ń bi mí nípa hítà nísinsìnyí, mo sì máa ń sọ fún wọn láìsọ ìtàn yìí. Ẹ pe ẹni tó máa wo hítà kí òtútù tó dé, nítorí bí ó bá ti dé, gbogbo wọn ni ọwọ́ wọn á dí, owó tó bá wù wọ́n ni wọ́n á pè. Gbígbọn eruku àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kì í náni lówó púpọ̀. Àpótí irin ló ń gbówó, nítorí gbogbo hítà ni wọ́n máa tú kí wọ́n tó dé ibẹ̀, bí hítà bá sì ti gbó, ríra tuntun ló sàn. Ẹ béèrè bóyá iléeṣẹ́ tó ṣe é ṣì máa pààrọ̀ àpótí náà lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà mìíràn owó iṣẹ́ ọwọ́ nìkan lẹ máa san. Bí wọ́n bá ní ó ti sán, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín. Bí ẹ kò bá gbà wọ́n gbọ́, ẹ san owó fún ẹni kejì tó mọṣẹ́, kí ẹ sì pa hítà títí á fi dé. Ẹ fi kúbùsù bora. Ẹ lè máa bínú sí owó náà nínú òtútù.

Ọkọ mi ra tuntun. Ẹni tó rí láàárín òtútù yẹn pe owó tó ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ, ó sì san án láìsọ̀rọ̀ kankan.

Kí a tó wọ yàrá Màmá ní ọsibítù, ó fà mí sẹ́yìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Má sọ ọ̀rọ̀ hítà fún Mọ́mì. Èmi ni n óò sọ ọ́ fúnra mi. Àyà wọn kò lágbára báyìí."

Mo gbà fún un. Mo rò pé ó fẹ́ bẹ̀ wọ́n ni.

Màmá ti jókòó. Wọ́n bi í pé, "Ọkọ mi, kí ni wọ́n ní ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi?"

"Májèlé ni, Mọ́mì," ọkọ mi ní. "Wọ́n ti fọ̀ ọ́ kúrò."

Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Màmá rọra yí orí wọn sí mi.

"O ṣé o," wọ́n ní. "Kódà ọmọ tí o bí, o fún un jẹ."

"Mọ́mì, hítà ni! Èéfín hítà ni. Ó ti sán, wọ́n sọ fún un kí ẹ tó dé, kò fẹ́ náwó. Ẹ bi í. Ẹ bi ọmọ yín!"

"Ṣé òótọ́ ni?" wọ́n bi í.

Ó tún kúbùsù wọn ṣe. Ó wọ́ ọ bo ẹsẹ̀ wọn dáadáa.

"Mọ́mì, ẹ sinmi," ó ní. "A ti yanjú rẹ̀."

Láti ọsibítù, Stafford ni wọ́n gbé Màmá lọ, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbé wọn lọ wọ ọkọ̀ òfurufú. Wọn kò ní kí n wá. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n dé Abẹ́òkúta, níbi tí ìyá mi náà ń gbé, ìyá mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sanwó pe tẹlifóònù, wọ́n pè mí. Wọn kì í pè mí tẹ́lẹ̀; èmi ni mo máa ń pè. Wọn kò béèrè àlàáfíà.

"Àwọn àna wa wá sílé lánàá," wọ́n ní. "Wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọn kò jókòó. Gbogbo àdúgbò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ." Mò ń gbọ́ ariwo àwọn tó ń dúró de tẹlifóònù lẹ́yìn wọn. "Ọmọ mi, ṣé o ṣe é ni?"

"Rárá, Màámi."

Mo ṣàlàyé hítà fún wọn. Ẹni tí kò rí hítà rí ni mò ń ṣàlàyé rẹ̀ fún, ní ìlú tí èèyàn ti ń wá ibi tó tutù láti jókòó sí. Bí mo ti ń sọ ọ́, èmi náà ń gbọ́ bó ṣe jọ irọ́.

"Ó dáa," wọ́n ní. Nígbà tí mo pè wọ́n lóṣù tó tẹ̀lé e, wọ́n tún bi mí. Wọn kò bi mí mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n kàn dẹ́kun pípè mí ní orúkọ oríkì mi.

Nígbà tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, mo kó ọmọ mi, a lọ gbé apátímẹ́ǹtì ní ẹ̀bá títì Bissonnet ní Houston. Ọkọ mi kò dí wa lọ́nà. Ó ní ó yẹ kí n ti ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́, pé ẹ̀rù mi ń ba àwọn èèyàn òun. Iléeṣẹ́ wọn lé òun náà lọ́dún kejì, báǹkì sì gba ilé Richmond. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́. Ó dùn fún ọjọ́ púpọ̀.

Ìyá mi kú. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn wọn tí Màmá náà kú. Ó ṣe díẹ̀, mo bá àbúrò ọkọ mi pàdé ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ilé wa ní Stafford. Ó ń yan iṣu. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè ọmọ. Ó wá ní:

"Ẹ máà bínú ọ̀rọ̀ ìgbà yẹn o. Ó ti pẹ́ tí bùọ̀dá ti sọ ọ́ fún wa pé hítà ni."

"Fún ta ni?"

"Fún gbogbo wa."

"Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó kú. Ó tó ọdún méjì kí wọ́n tó kú." Ó tẹ iṣu kan lábẹ́ wò, ó dá a padà. "Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó ti tutù, kí a má tún gbé e lọ bá àwọn èèyàn yín mọ́, pé ìtìjú ló máa jẹ́."

Mo ka ọdún náà sẹ́yìn nínú orí mi. Nígbà tí wọ́n mọ̀ ọ́n, ìyá mi ṣì wà láàyè, ilé wọn kò sì jìnnà sí ti Màmá ní Abẹ́òkúta.

"Iṣu yìí kò dára," ó ní. "Ẹ wo ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún."

Mo gbé ohun tí mo rà lọ síbi tí wọ́n ti ń sanwó, mo sanwó, mo jáde.